Ìyá Onígààrí Tó Ń Ka Sáàmù Láìmọ̀wé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí obìnrin kan tó ń ta gààrí ní Ọjà Jagun ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, tó sì wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ mi, àmọ́ tó fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ bojú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn olùkọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé àwọn oníbàárà òun kò gbọdọ̀ kà á kí wọ́n mọ̀ pé òun ni. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí mo ti kọ́ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò rẹ̀ tó mọ̀ pé kò lè kàwé. Bí wọ́n bá ní kí ìjọ ṣí Bíbélì, á ṣí i. Bí wọ́n bá dárúkọ orin, á ṣí ìwé orin. Ohùn rẹ̀ á sì máa bá ti àwọn tó kù lọ geere, nígbà mìíràn á tilẹ̀ ṣáájú tiwọn.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wá. Ọmọ náà wà ní kíláàsì kẹrin nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì lè ka gbólóhùn kan tán láì kọ́kọ́ wo àwòrán tó wà lókè rẹ̀. Àwọn òbí mìíràn a máa fi ọmọ sílẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́, wọn a sì bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n màmá yìí kì í lọ. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, á máa to owó ọjà tàbí kí ó máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni ètè rẹ̀ yóò máa mì bí mo bá ti ní kí ọmọ náà tún ohun tí mo sọ sọ. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà bọ́ síta láti lọ mumi, ó bi mí pé, "Tíṣà, ẹni tó bá ti dàgbà ńkọ́? Ṣé ìwé ṣì lè wọ orí rẹ̀?" Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni àbí ẹlòmíràn?" Ó ní ẹlòmíràn ni. Mo ní kí ẹlòmíràn náà máa bọ̀.

Ohun tó lé e dé ọ̀dọ̀ mi gan-an, bí ó ṣe sọ fún mi nígbà tí ìtìjú ti kúrò díẹ̀, ni pé oníbàárà kan gbé gààrí rẹ̀ lọ, ó na fóònù sí i pé òun ti san owó sí àkáǹtì rẹ̀. Ó wo ojú fóònù náà bí ẹni tó ń kà á, ó mi orí, ó sì dúpẹ́. Kò sí owó kankan tó wọlé. Alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ó gbé fóònù tirẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó bá òun wò ó, ló tó mọ̀. Ó ní owó náà dun òun, ṣùgbọ́n orí tí òun mì yẹn ló dun òun jù.

Ó ti lọ sílé ẹ̀kọ́ rí. Ó wà lára àwọn ọmọ tó wọlé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, èyí tí a mọ̀ sí UPE, lọ́dún 1976. Àwọn tó gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé bí kíláàsì ṣe kún tó, tí yàrá kò tó, tí olùkọ́ kò sì tó. Ó rántí pé ilẹ̀ ni àwọn jókòó sí, pé tíṣà a máa fi igi tọ́ka sí pátákó, àwọn a sì máa kọ ọ́ lórin, "a, bí, dí, é, ẹ́, fí," títí dé "yí," láì tilẹ̀ wo ibi tí igi náà wà. Kò kọjá kíláàsì kejì tí wọ́n fi mú un lọ bá ìbátan kan tó ń tajà ní Ìlọrin. Mo mẹ́nu kan orin náà nítorí pé òun gan-an ló wá di ìdíwọ́ fún un nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí n tó fi lẹ́tà kankan hàn án, mo ní kí ó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò ní ọsibítù. Bí ènìyàn bá ti lé ní ogójì ọdún, lẹ́ǹsì inú ojú a máa le sí i, kì í sì jẹ́ kí ó rí ohun tó wà nítòsí kedere mọ́, bí ó tilẹ̀ ń rí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dáadáa. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọ́n ní orí àwọn kò gba ìwé mọ́, àmì tó wà lábẹ́ ẹ àti ọ ni ojú wọn kò rí, bẹ́ẹ̀ àmì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ìwé Yorùbá. Wọ́n fún un ní awò ojú tó bá tirẹ̀ mu. N kò fẹ́ kí ó ra èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú ọjà, tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ ju iye owó rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kí ó ka ohun tó bá wù ú fún mi. Ó ṣí Sáàmù kẹtàlélógún, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì dúró. Ìka rẹ̀ ni èmi ń wò ní tèmi. Ẹnu rẹ̀ ti dé ibi ago tó kún, nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì wà ní ibi pápá oko tútù, tó ń rọra wọ́ lọ lórí ìwé bí ẹni tó ń nu eruku. Mo gé ihò kékeré kan sí àárín páálí ọṣẹ, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè yọjú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e lé ojú ìwé náà níbi tó wù mí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ṣí sílẹ̀ fún un, "mi" nìkan ló dá mọ̀. Ó dákẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Àṣírí ti tú nìyẹn."

N kò ka ohun tó ti ń ṣe sí ẹ̀tàn, n kò sì fẹ́ kí olùkọ́ kankan kà á sí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, tó sì kó o sórí odindi, tó tún mọ ojú ewé tí yóò ṣí sí nígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ló ṣe. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni pé bí a bá fi ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dán an wò, ìrántí rẹ̀ la dán wò, a kò tíì dán kíkà rẹ̀ wò rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí: mo yí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn, mo fi ọwọ́ bo àwòrán, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé, fún àwọn méjèèjì, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fi mọ ibi tí wọ́n dé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí ní ètò tí mo kọ ọ́ sí.

Mo kọ́kọ́ dán etí màmá náà wò láì lo ìwé. Mo ní kí ó máa pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí mo bá pè. Ó pàtẹ́wọ́ mẹ́ta fún "kóńgò," láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ mo ti rí ọmọ iléèwé girama tó pa á ní méjì nítorí pé kò ka "ń" tó dá dúró yẹn sí nǹkan kan. Mo ní kí ó yọ ohùn àkọ́kọ́ kúrò nínú "àkàrà," kó sọ èyí tó kù fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kàrà ló kù." Etí rẹ̀ yè kooro. Èdè náà wà lẹ́nu rẹ̀ ju bí ó ṣe wà lẹ́nu èmi tí mo ń kọ́ ọ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí ni okùn tí yóò so ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ mọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ibẹ̀ ni orin ọdún 1976 ti yọjú. Mo kọ "ba" sílẹ̀, ó sì pè é ní "bí, a." Mo ní kí ó pa á pọ̀, ó ní "bía." Mo kọ "ta", ó ní "tía." Nígbà tí mo wá kọ "bàtà," ó pe gbogbo rẹ̀ tán, "bí, a, tí, a," ó sì wò mí lójú, ó bi mí bóyá orúkọ ará ìlú mìíràn ni. Kò sí àṣìṣe nínú ohun tó ṣe. Gbogbo kọ́ńsónáǹtì Yorùbá la fi "í" tì lẹ́yìn nígbà tí a bá ń dárúkọ wọn, ẹni tí a bá sì ti kọ́ pé orúkọ yẹn ni lẹ́tà náà ń sọ, kò sí bí yóò ṣe pa "bí" àti "a" pọ̀ tí yóò fi rí "ba" níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó yára a máa fúnra wọn já "í" náà dànù, wọn a sì máa lọ. Àwọn tí kò bá já a, wọn a máa kọrin náà dáadáa títí wọn yóò fi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ lẹ́tà ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ ọ, ohun tí "a" sì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tó mọ̀.

Mo gbé orúkọ lẹ́tà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn méjèèjì. Sílébù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé Yorùbá ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: lẹ́tà 25 péré ni a ní, kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì 7, sílébù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ fáwẹ̀lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì kan pẹ̀lú fáwẹ̀lì rẹ̀, tàbí "n" àti "m" tó dá dúró. Kò sí ibi tí kọ́ńsónáǹtì méjì ti ń fún ara wọn nínú sílébù kan. Ẹni tó bá ti mọ "ma, me, mẹ, mi, mo, mọ, mu," tó sì lè fi ohun tó mọ̀ yẹn ṣe ti "l" àti "t" àti "k," ó ti ń ka ata, ilá, ilé, ọmọ, ọkà àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tó wà nínú ọjà. N kò tẹ̀lé ètò a-bí-dí. Mo fi "b" àti "d" jìnnà sí ara wọn, nítorí pé àwọn méjèèjì jọra lójú, ọ̀kan kàn kọ ẹ̀yìn sí èkejì ni. Mo jẹ́ kí "b" mọ́lẹ̀ dáadáa kí "d" tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe "o" àti "ọ," "e" àti "ẹ," àti "s" pẹ̀lú "ṣ." Ní ti "gb," mo kọ ọ́ sára káàdì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà rò pé "g" àti "b" ló dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi 20 ni a ń lò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò bá sí ọjà alẹ́; díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju kí a jókòó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ti dúró láti àárọ̀.

Ìwé tó wúlò jù fún wa ni ìwé gbèsè rẹ̀. Ó ní ìwé kékeré kan tó fi ń mọ àwọn tó ń ra àwìn, òun nìkan ló sì lè túmọ̀ rẹ̀: róbótó kan dúró fún ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, àgbélébùú fún ìyàwó pásítọ̀, igi tó ní ẹ̀ka méjì fún ìyá ìbejì. Ìlà tó dúró lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan ni iye kóńgò, èyí tó bá sì ti fi ìlà dábùú, wọ́n ti san án. Ẹni tó bá rí ìwé náà kò ní sọ pé ẹni tó ni ín kò mọ ohun tí àkọsílẹ̀ wà fún. A kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àmì rẹ̀, nítorí pé ó mọ ẹni tí àmì náà jẹ́, ó sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Èrè kan tí n kò lérò wà níbẹ̀: nítorí pé orúkọ ọmọ tàbí orúkọ ìlú la fi ń pe àwọn obìnrin ọjà, "Ìyá" ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi mọ ọ̀rọ̀ náà níbikíbi tó bá ti rí i.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. "Ìyá Ìbejì" àti "Ìyá Ìbàdàn" wà lójú ewé kan náà. Bí ó bá ti rí "Ìb," á ti pe Ìyá Ìbejì, á sì kọjá. Ìrántí ti tún ń ṣe iṣẹ́ tí ojú yẹ kó ṣe. Sísọ fún un pé kó farabalẹ̀ kò lè wo èyí sàn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń to ọ̀rọ̀ tó jọra sí ara wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi orí rẹ̀ méfò yóò ṣubú: bàtà, bàbà, bàbá, ilé, ilẹ̀, ìlù, ọbẹ̀, ọ̀bẹ. Ó kórìíra iṣẹ́ yẹn gidigidi, ó sì sọ ọ́ fún mi. A kò fi sílẹ̀ títí ó fi di pé ó ń wo ọ̀rọ̀ dé òpin kí ó tó la ẹnu.

Láàárín àkókò yìí ni ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ ìyá ọmọ tó kọ́kọ́ mú wá, pè mí láti Ìbàdàn. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. "Tíṣà, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì ni fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ni bánkì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ mi níléèwé. Kí ni àwọn méjèèjì fẹ́ fi Yorùbá yìí ṣe?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mo sì dá a lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kọ́ pé lẹ́tà ń sọ̀rọ̀, èdè tó bá sì ti gbọ́ ni ó rọrùn láti fi kọ́ ọ, nítorí pé bí ó bá pe ọ̀rọ̀ náà tán, etí rẹ̀ yóò sọ fún un bóyá ó pè é ré. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Mo tún sọ fún un nípa iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. (Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Nínú kíláàsì ọmọ yìí, èyí àkọ́kọ́ kò dé, èyí kejì kò sì yí ohunkóhun padà.) Ọmọbìnrin náà ní òun ti gbọ́. N kò mọ̀ bóyá ó gbà, ṣùgbọ́n kò dá wọn dúró.

Nígbà tí sílébù ti mọ́lẹ̀ tó, mo ní kí màmá náà sọ fún mi bí a ṣe ń yan gààrí, mo sì ń kọ ọ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́: bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń dì í sápò tí wọ́n sì ń fi jáàkì tẹ omi rẹ̀ jáde, bí wọ́n ṣe ń jọ̀ ọ́ kó tó wọ agbada. Ọ̀nà yìí dára fún àgbàlagbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ti ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ewu rẹ̀ ni pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ lánàá lè rántí rẹ̀ lónìí, pàápàá ẹni tí orí rẹ̀ jẹ́ àpótí bí ti màmá yìí. Nítorí náà, nígbà tí mo ń tún un kọ sórí ìwé mìíràn nílé, mo yí gbólóhùn kan padà, mo kọ ọ́ pé, "A ó kọ́kọ́ yan ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn náà la ó wá bó o." N kò sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an báyìí. Ó dé "yan," ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, ó sì gbé ojú sókè. "Tíṣà, ẹ ò tíì yan gààrí rí láyé yín!" Kò sí ìdánwò mìíràn tí mo nílò lẹ́yìn ìyẹn láti mọ̀ pé ó ń kàwé.

Ní ti àmì ohùn, àwọn olùkọ́ kan a máa fi í pamọ́ títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mọ lẹ́tà tán. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì ní ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi bi mí. Nígbà tó bi mí, dò-re-mí ni mo fi dá a lóhùn, ohun tí akọrin ti mọ̀. A ń fi imú kùn ún kí a tó pe ọ̀rọ̀ náà: igba, igbá, ìgbà. Kò gba àkókò. Ibi tí ìṣòro wà ni fóònù, tí ẹnikẹ́ni kì í fi àmì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé "Won ti gbe oko de," ó sì kà á bí ó ṣe rí i, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń gbé oko. Mo kọ́ ọ pé nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ó ka gbólóhùn náà dé òpin ná, kí ó wá padà sórí ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kí ó gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àmì oríṣiríṣi títí yóò fi bá èyí tó mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó bá kíyè sí i yóò rí i pé ìméfò tí mo lé jáde tẹ́lẹ̀ ni mo tún ń pè padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó lè rí lẹ́tà kedere nìkan ni irú ìméfò bẹ́ẹ̀ kò lè pa lára.

Ó wá tó àkókò láti padà sí Bíbélì, mo sì ti ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà tó ní jẹ́ ti àtijọ́. Ó dé "nwọn," ó ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dà rú. Ó dé "enia," ó dé "aiye," ó dé "yio," ó ní ẹni tó tẹ ìwé yìí náà nílò lẹ́sìnnì. Mo ṣàlàyé fún un pé odindi Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther ṣe ipa tó pọ̀ jù nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ti jáde láti 1884, pé ìpàdé kan ní Èkó ní 1875 ni wọ́n ti fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé ìgbà náà múlẹ̀, àti pé ní 1974 ni ìgbìmọ̀ kan tún un ṣe, tó fi di pé à ń kọ wọ́n, ènìyàn, ayé àti yóò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó wà nínú ìjọ ṣì ń lo ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí orúkọ ìlú ti wà lára pátákó kan pẹ̀lú "sh," tí kò sì ní "h" lára èyí tó tẹ̀ lé e. Ibí yìí ni ìrántí rẹ̀ ti wúlò jù lọ. Ó ti mọ ohun tí Sáàmù náà sọ, nítorí náà bí ojú rẹ̀ bá kan "nwọn," ẹnu rẹ̀ á sọ "wọ́n," á sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn. Òfin kan ṣoṣo tí mo fún un ni pé ẹnu kò gbọdọ̀ ṣáájú ìka.

Ọ̀rọ̀ bánkì kò gba nǹkan púpọ̀ mọ́. "Credit" àti "Debit" ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ, lẹ́yìn náà "Bal," mo sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé "c" kò sí nínú lẹ́tà tiwa, àti pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan lè sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà méjì. Mo tẹnu mọ́ ọn fún un pé bí ó ti wù kó mọ ìwé kà tó, kò gbọdọ̀ gba ohun tó wà lójú fóònù ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí; fóònù tirẹ̀ ni kí ó ṣí, iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ ni kí ó wò. Ó ní òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé òun a máa ní kí oníbàárà dúró ná, ojú kò sì ti òun mọ́.

Nígbà tí ọjà ọdún dé, kò wá fún ìgbà díẹ̀. Sílébù kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n "e" àti "ẹ" ti tún wọ inú ara wọn, bí ó ti sábà ń rí. A tún wọn yà sọ́tọ̀. Ó ṣì ń lọ́ra. Gbólóhùn tó gùn a máa mú un mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé òpin rẹ̀, fáwẹ̀lì àránmúpè sì ń dà á láàmú, nítorí pé ohùn kan náà la ń kọ ní "an" nínú ìtàn, tí a sì ń kọ ní "ọn" nínú ìbọn. Mo sọ fún un pé lẹ́yìn b, f, gb, p àti w ni ti "ọn" ti máa ń wá. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń ka ìwé Yorùbá kíláàsì rẹ̀ láì wo àwòrán, a sì ti bẹ̀rẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kéékèèké tí lẹ́tà wọn kì í yí ohùn padà. Ní ti màmá náà, ìwé kíkọ ló kù. Ọwọ́ rẹ̀ ti le láti inú igbá àti agbada, ó sì ń tẹ pẹ́ńsù bí ẹni tó fẹ́ fi lu ìwé. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé, ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tó bá ra àwìn lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú iye kóńgò rẹ̀ ní nọ́ńbà, sí ẹ̀gbẹ́ àmì ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kò tíì fẹ́ pa àwọn àmì náà rẹ́, nítorí pé àwọn gbèsè àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀.